Ìdánwò Kò Tíì Bẹ̀rẹ̀ Títí Ooru Ilé Yóò Fi Tán: Bí A Ṣe Ń Dán Aṣọ àti Ẹ̀yà Kẹ̀kẹ́ Wò Nínú Òtútù

Ní ìparí oṣù kìíní ọdún, nígbà tí òtútù bá mú gan-an ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, àwọn kan máa ń gbé kẹ̀kẹ́ ológeere wọn lọ sí ìlú International Falls, lẹ́bàá ààlà Kánádà. Ibẹ̀ ni eré ìje Arrowhead 135 ti ń gbéra. Máìlì 135 ni ọ̀nà náà, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 217, inú igbó ni, orí yìnyín sì ni. Ọdún 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ń gun kẹ̀kẹ́, ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ń fẹsẹ̀ rìn, wákàtí 60 ni gbèdéke. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbéra láìní àpò ìsùn tó lè gbà á lọ́wọ́ òtútù −29°C, sítóòfù kékeré pẹ̀lú epo rẹ̀, àti fèrè tí yóò fọn bí ọ̀ràn bá dé.

Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ eré yẹn kó tó mọ̀ bóyá ìbọ̀wọ́ òun gbóná tó, ó ti pẹ́ jù. Nítorí náà, láti oṣù kọkànlá ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ti máa ń jáde lọ gun kẹ̀kẹ́ nítòsí ilé láti dán jákẹ́ẹ̀tì, bàtà, táyà àti bíréèkì wò. Kò sì dìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ sáré ìje. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní Minneapolis, tàbí ní Oulu ní orílẹ̀-èdè Finland, nílò irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri lóru oṣù kejìlá ní àwọn ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà nílò rẹ̀.

Òye kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo àlàyé yìí. Bí ènìyàn àti kẹ̀kẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ooru ilé ṣì wà lára àwọn méjèèjì. Ara ṣì gbóná, gíríìsì inú wíìlì ṣì rọ̀, bátìrì ṣì lágbára. Títí ooru yẹn yóò fi tán, ohun gbogbo ni yóò máa ṣiṣẹ́ dáadáa, aṣọ tí kò dára pàápàá yóò dà bí ojúlówó. Ìgbà tó bá tán ni ìdánwò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ń dá sílẹ̀ fún ara rẹ̀

Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní kìlómítà 25 láàárín wákàtí kan, lọ́jọ́ tí ewé kan kò mì, ti dá afẹ́fẹ́ tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Awọ ara a máa mú afẹ́fẹ́ tó fara kàn án lọ́ wọ́ọ́rọ́. Afẹ́fẹ́ líle ń gbá ìyẹn lọ, òmíràn tó tutù ń rọ́pò rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Paul Siple àti Charles Passel, ló kọ́kọ́ fi nọ́ńbà sọ bí èyí ti pọ̀ tó. Ní Antarctica, wọ́n gbé omi sínú ike kékeré kan síta, wọ́n ń wo bí yóò ti pẹ́ tó kó tó dì nínú afẹ́fẹ́ líle àti nínú afẹ́fẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọdún 1945 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Ní 2001, Amẹ́ríkà àti Kánádà gba ìṣirò tuntun, èyí tí wọ́n gbé ka ojú àwọn ènìyàn tó yọ̀ǹda ara wọn láti rìn nínú afẹ́fẹ́ títutù.

Nínú ìṣirò tuntun yìí, bí témómítà bá wà ní 0°C tí afẹ́fẹ́ sì ń sáré ní kìlómítà 30 láàárín wákàtí kan, ojú tí kò ní ìbòrí yóò máa tutù bíi pé −6°C ni. Bó bá jẹ́ −10°C, afẹ́fẹ́ oníkìlómítà 20 yóò sọ ọ́ di −18, oníkìlómítà 30 yóò sọ ọ́ di −20. Ìyẹn ni pé ẹni tó wo témómítà nìkan kó tó múra ti tan ara rẹ̀ jẹ.

Ara ènìyàn nìkan ni ìṣirò yìí wà fún o. Afẹ́fẹ́ kò lè mú irin, rọ́bà tàbí gíríìsì tutù kọjá ohun tí témómítà sọ. Ó kàn lè mú kí wọ́n tètè tutù débẹ̀ ni. Fún ìdí èyí, nọ́ńbà méjì ni ìwé àkọsílẹ̀ ìdánwò gbọ́dọ̀ ní: ti témómítà, tí a ó fi ṣe ìdájọ́ kẹ̀kẹ́, àti ti afẹ́fẹ́, tí a ó fi ṣe ìdájọ́ aṣọ.

Ooru tí ara fúnra rẹ̀ ń dá ni apá kejì. Nínú agbára tí ara ń ná lórí kẹ̀kẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ló ń dé ọ̀dọ̀ pẹ́dálì. Ooru ni ìyókù ń dà. Ẹni tó ń fi agbára wáàtì 150 wa pẹ́dálì ń dá ooru tó tó wáàtì 450 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ń gun òkè, iṣẹ́ pọ̀, eré kò pọ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló ń fẹ́ sí i, òógùn a bò ó. Bó bá wá débi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ooru ara ń wálẹ̀, eré kẹ̀kẹ́ ń lọ sókè, afẹ́fẹ́ líle sì já lu aṣọ tí òógùn ti rin. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ sáré kì í rí irú ìyípadà òjijì bẹ́ẹ̀. Aṣọ tó tó ẹni tó ń sáré lè ṣàì tó ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́, ọ̀nà tí a ó sì yàn fún ìdánwò gbọ́dọ̀ ní òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ohun tí yàrá àyẹ̀wò ti sọ tẹ́lẹ̀

Ọ̀pọ̀ aṣọ àti ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ti jókòó ìdánwò kí wọ́n tó dé ọjà, ó sì yẹ ká mọ ohun tí ìdánwò wọ̀nyẹn ń wọ̀n. Ní 1941, àwọn onímọ̀ kan gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀ fún ooru aṣọ, wọ́n pè é ní clo. Clo kan ni aṣọ tí yóò tẹ́ ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú yàrá 21°C lọ́rùn. Lónìí, ère ènìyàn tó ní iná mànàmáná nínú ni wọ́n ń wọ aṣọ fún; iye iná tí ère náà bá jẹ kí awọ rẹ̀ má baà tutù ló ń fi hàn bí aṣọ náà ṣe ń pa ooru mọ́ sí. Láti mọ̀ bóyá òógùn lè gba inú aṣọ jáde, ìlànà ISO 11092 ní kí wọ́n tẹ́ aṣọ náà lé orí pẹpẹ irin olómi tí wọ́n mú gbóná dé 35°C, bí awọ ara, kí wọ́n wo bí oruku omi ṣe ń là á kọjá.

Ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù máa ń ní àmì EN 511 lára, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́ta. Ìkíní ń sọ bó ṣe lè kojú afẹ́fẹ́ títutù, láti 0 dé 4. Ìkejì ń sọ bó ṣe ń gba ọwọ́ bí a bá di ohun tó tutù mú, láti 0 dé 4 bákan náà. Ìkẹta ń sọ bóyá omi ń wọlé. Bí ẹ bá rí X dípò nọ́ńbà, wọn kò dán ibẹ̀ wò. Ẹni tó fẹ́ máa di irin ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú fún wákàtí kan yóò fẹ́ràn láti wo nọ́ńbà kejì kó tó wo ìkíní.

Ní ti irin, ìlànà ISO 9227 ni wọ́n fi ń mọ ohun tó ń tètè dípẹtà: wọn a ti ẹ̀yà náà mọ́ inú àpótí, wọn a máa fọ́n omi tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sí i bí ìkùukùu, nínú ooru 35°C. Ẹ wo nọ́ńbà yẹn dáadáa. Inú ooru ni wọ́n ti ń ṣe é, nítorí ìpẹtà ń yára nínú ooru, wọn kò sì fẹ́ dúró pẹ́. Ó dára fún fífi ọ̀dà kan wé òmíràn. Kò lè sọ bí ṣéènì yín yóò ṣe rí ní oṣù kejì.

Ère kì í gun òkè kó tún wá dúró tún táyà ṣe. Ojú ọ̀nà nìkan ló lè dán ìyẹn wò.

Bí a ṣe ń ṣètò ìrìn ìdánwò

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ti wà láti alẹ́ àná: a ó gbé kẹ̀kẹ́ sùn síta, tàbí sínú búkà tí kò ní iná ìmúlégbóná. Kẹ̀kẹ́ tó sun inú pálọ̀ yóò gbé ooru pálọ̀ lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́, pàápàá nínú àwọn ibi tí gíríìsì wà. Èyí tó sun ìta ti tutù dé ọkàn irin rẹ̀ kó tó di pé a jókòó lé e.

Ìkejì ni ọ̀nà. A kì í dán nǹkan tuntun wò lọ́nà tó jìnnà. Ọ̀nà róbótó kékeré, tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ló dára jù: bí ìka bá ń kú, a ya wọlé. Bí gbogbo nǹkan bá ń lọ dáadáa, a tún yípo.

Ìkẹta ni àkókò. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kò lè sọ púpọ̀, nítorí ooru ilé ṣì wà níbẹ̀. Wákàtí kan ló yẹ kí ìdánwò tó péye tó, ó kéré tán. Lẹ́yìn wákàtí yẹn la ó wá ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò: a ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Kí a yọ wíìlì, kí a tú táyà, kí a fa túùbù jáde, kí a dá a padà, pẹ̀lú aṣọ tí a wọ̀. Ẹsẹ̀ kò wa pẹ́dálì mọ́, ara kò dá ooru tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, òógùn sì wà lára. Aṣọ tó bá lè gba ènìyàn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni aṣọ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí táyà kì í yan ibi tó gbóná kó tó jò.

Ìkẹrin: ohun kan ṣoṣo ni a ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá wọ bàtà tuntun, ìbọ̀sẹ̀ tuntun àti ṣòkòtò tuntun jáde lọ́jọ́ kan náà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá gbóná, kò mọ èyí tó yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ohun tó bá jẹ́ méjì-méjì, ọ̀nà tó dára kan wà: ìbọ̀wọ́ kan sí ọwọ́ ọ̀tún, òmíràn sí ọwọ́ òsì. Òtútù kan náà, afẹ́fẹ́ kan náà, iṣẹ́ kan náà. Bó bá di ìrìn kejì, a ó pa wọ́n dà, nítorí ọwọ́ kan lè máa tètè tutù ju èkejì lọ látìbẹ̀rẹ̀.

Ìkarùn-ún ni àkọsílẹ̀. Kí a tó jáde: ohun tí témómítà sọ, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́, ohun tí a wọ̀ láti ara títí dé òkè. Bí a bá dé: ibi tó kọ́kọ́ tutù, àti ìṣẹ́jú tó jẹ́. Bí ìwọ̀n ilé ìdáná bá wà, kí a wọn aṣọ kọ̀ọ̀kan kí a tó wọ̀ ọ́, kí a tún wọ̀n ọ́n bí a bá bọ́ ọ. Gíráàmù tó bá lé, òógùn ni. Ìwọ̀n kékeré yìí máa ń sọ òtítọ́ tí ara kò lè sọ.

Aṣọ: òógùn ni ọ̀tá

Omi ń gbé ooru lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ju afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ lọ. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín fọ́nrán aṣọ ló ń mú wa gbóná. Bí òógùn bá gba àyè rẹ̀, aṣọ ti di ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde. Aṣọ òwú lásán máa ń mu omi, kì í sì í tètè gbẹ, ó burú fún èyí tó sún mọ́ ara jù. Irun àgùntàn lè gba oruku omi tó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ kí ara tó mọ̀ pé ó rin. Pólísítà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mu omi rárá. Ó ń tì í lọ sí aṣọ tó wà lórí rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ jákẹ́ẹ̀tì kẹ̀kẹ́ ló ní àyà tí afẹ́fẹ́ kò lè là kọjá àti ẹ̀yìn tó fẹ́lẹ́, nítorí iwájú ni afẹ́fẹ́ ń gbá, ẹ̀yìn sì ni òógùn lè gbà jáde.

Lórí ìwọ̀n, a ó rí ibi tí omi dúró sí. Bí aṣọ ìsàlẹ̀ bá lé púpọ̀, kò gbé òógùn sókè. Bí aṣọ ìsàlẹ̀ bá gbẹ ṣùgbọ́n tí inú jákẹ́ẹ̀tì ní yìnyín wẹ́wẹ́, a jẹ́ pé òógùn dé òkè, jákẹ́ẹ̀tì kò jẹ́ kó jáde, ó sì dì síbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni owó ń wo èyí sàn. Ìgbà mìíràn, ohun tó kù ni kí a ṣí síìpù kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, dípò ìgbà tí a bá ti làágùn tán. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá gágá ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ ti wọ aṣọ jù. Ó yẹ kó tutù díẹ̀ nígbà tó bá ń gbéra.

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gba ìyà jù. Bí ara bá rí i pé inú ń tutù, yóò dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí wọn kù kó lè pa ooru mọ́ fún ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà ọwọ́ tó tutù lè jẹ́ ẹ̀bi jákẹ́ẹ̀tì, kó máà jẹ́ ti ìbọ̀wọ́. Bí ìdánwò ọ̀tún àti òsì bá fi hàn pé ìbọ̀wọ́ méjèèjì kùnà bákan náà, àyà ni kí a kọ́kọ́ bò sí i.

Ìbọ̀wọ́ kò gbọ́dọ̀ gbóná nìkan. Ǹjẹ́ ọwọ́ lè tẹ bíréèkì, kó yí jíà, kó fa síìpù, láìbọ́ ọ? Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Alaska àti Minnesota máa ń so àpò ńlá mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tó bo ọwọ́ àti bíréèkì papọ̀, kí wọ́n lè wọ ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú rẹ̀. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ìdúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń tú àṣírí rẹ̀: bí ọwọ́ bá jáde nínú àpò láti tún táyà ṣe, ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́ yẹn nìkan ló kù fún un.

Ní ti ẹsẹ̀, ẹ yẹ ìsàlẹ̀ bàtà wò. Bàtà tí irin kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ láti fi há mọ́ pẹ́dálì ń fa ooru jáde gba ibẹ̀. Alumíníọ̀mù ń gbé ooru ní nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ju ike lọ. Pẹ́dálì onike pẹlẹbẹ pẹ̀lú bàtà tó fẹ̀ sàn jù nígbà òtútù líle. Kí bàtà náà sì fẹ̀ lóòótọ́, nítorí ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú bàtà tó fún ń há ẹ̀jẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ á wá tutù ju ti oníbọ̀sẹ̀ kan lọ. Àwọn mìíràn máa ń fi ọ̀rá sáàárín ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́ àti èyí tó nípọn, kí òógùn má baà dé ọ̀dọ̀ èyí tó nípọn. Ó rọrùn láti mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́: bí a bá dé ilé, ìbọ̀sẹ̀ òde gbọ́dọ̀ gbẹ.

Ẹ̀yà kẹ̀kẹ́: ohun tó ń le, ohun tó ń dì, ohun tó ń pòórá

Ohun tó ń le ni gíríìsì àti ọ́ìlì. Nínú wíìlì ẹ̀yìn ni fíríwíìlì wà, ibi tó máa ń dún taka-taka bí a kò bá wa pẹ́dálì. Àwọn eyín kéékèèké inú rẹ̀ ni sípíríǹgì tínínrín ń tì jáde láti há wíìlì. Bí gíríìsì inú rẹ̀ bá nípọn, òtútù yóò sọ ọ́ di àtè, eyín kò ní jáde, ẹsẹ̀ yóò máa yí pẹ́dálì lásán, kẹ̀kẹ́ kò sì ní lọ. Àṣìṣe yìí kì í hàn nílé. Àwọn tó mọ òtútù máa ń fọ gíríìsì yẹn kúrò, wọn a fi ọ́ìlì fẹ́lẹ́ sí i. Kí ènìyàn tó náwó, fíríísà ilé, tó sábà máa ń wà ní −18°C, lè ṣe ìdánwò àkọ́kọ́: ẹ fi gíríìsì méjì sórí àwo ike, kí wọ́n sùn síbẹ̀, kí ẹ fi ìka tẹ̀ wọ́n láàárọ̀. Èyí tó bá le bí àbẹ́là kò yẹ fíríwíìlì.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ti bíréèkì olọ́ìlì. Ìlànà ọ́ìlì bíréèkì Amẹ́ríkà ní kí oríṣi tó ń jẹ́ DOT 4 má ṣe nípọn kọjá ìwọ̀n 1,800 ní −40°C, kí DOT 5.1 má kọjá 900, ìdajì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bíréèkì kẹ̀kẹ́ kì í sì í lo DOT rárá; ọ́ìlì mìíràn ni wọ́n ń lò, tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń po bó ṣe wù ú, a kò sì gbọ́dọ̀ da oríṣi méjèèjì pọ̀. Ìdánwò rẹ̀ ni pé kí a tẹ bíréèkì lẹ́yìn tí kẹ̀kẹ́ ti sùn síta, kí a tú u sílẹ̀, kí a wò ó bóyá ó yára padà. Èyí tó bá ń padà jẹ́jẹ́ yóò máa há wíìlì lójú ọ̀nà. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe yan bíréèkì oníwáyà fún òtútù líle. Ṣọ́ọ̀kì iwájú náà ń le, rọ́bà inú rẹ̀ ń gan, ó sì lè máa jò. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ orí yìnyín kò ní ṣọ́ọ̀kì rárá.

Ohun tó ń dì ni omi. Wáyà jíà gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá, omi sì lè wọ ibẹ̀. Ìdánwò rẹ̀ gba ọjọ́ méjì: kí a gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ tí yìnyín ń yọ́, ní nǹkan bíi 2°C, kí a fi í sílẹ̀ síta lóru tí òtútù yóò wálẹ̀ dé −5°C, kí a yí jíà láàárọ̀. Bí kò bá yí, omi wà nínú rẹ̀.

Ohun tó ń pòórá ni afẹ́fẹ́ táyà àti agbára bátìrì. Afẹ́fẹ́ ń súnkì bó bá tutù. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fún ní bar 5 nínú ilé ní 20°C yóò wálẹ̀ sí nǹkan bíi 4.2 ní −20°C. Táyà fífẹ̀ tí a fún ní 0.5 yóò wálẹ̀ sí 0.3, ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀ ti lọ láìjò. Irú táyà fífẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ohun tí gbogbo ènìyàn lè rà lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Surly ti Minnesota gbé kẹ̀kẹ́ Pugsley jáde ní 2005, pẹ̀lú táyà tí fífẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íǹṣì mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ń léfòó lórí yìnyín, nítorí náà àyípadà kékeré ń ṣe ohun ńlá. Ìta ni kí a ti wọn afẹ́fẹ́ táyà, lẹ́yìn tí táyà ti tutù.

Fún omi dídì tó le bí gíláàsì, fífẹ̀ kò tó, ìṣó ni. Nokian ti Finland ti ṣe táyà kẹ̀kẹ́ oníṣòó 106 àti oníṣòó 240. Táyà tuntun nílò nǹkan bíi kìlómítà 50 lórí ọ̀dà, láìsí bíréèkì òjijì, kí ìṣó lè jókòó dáadáa. Ibi tí ó ṣófo, tí mọ́tò kò lè dé, ni a ti ń dán an wò: kí a fa ìlà, kí a dé ibẹ̀ ní eré kan náà nígbà gbogbo, kí a tẹ bíréèkì, kí a wọn ibi tí a dúró sí.

Bátìrì lítíọ́ọ̀mù ń pàdánù lára agbára rẹ̀ nínú òtútù, kì í sì í ṣe pé ó bàjẹ́. Bó bá móoru, agbára náà ń padà. Kí a dán iná kẹ̀kẹ́ wò títí yóò fi kú, nínú òtútù, kí a kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀, nítorí èyí tí wọ́n kọ sára páálí sábà máa ń jẹ́ ti inú yàrá. Ẹ má ṣe gba iná sí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì wà nísàlẹ̀ 0°C. Ìyẹn ló ń bà á jẹ́ títí láé. Kó kọ́kọ́ móoru nínú ilé.

Iyọ̀ àti ìpadàwọlé

Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí dé nǹkan bíi −9°C. Ní ìsàlẹ̀ −21°C, kò lè yọ́ omi dídì mọ́ rárá. Nítorí náà ọjọ́ tó tutù jù kọ́ ló burú jù fún ṣéènì. Ọjọ́ −3°C, tí omi iyọ̀ ń ta sókè láti ojú ọ̀nà, ni ìpẹtà ń jẹun yó. Ẹni tó bá fẹ́ dán ọ́ìlì ṣéènì wò, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni kó yàn.

Bí kẹ̀kẹ́ tútù bá wọ ilé tó gbóná, omi inú afẹ́fẹ́ ilé yóò sẹ̀ sára irin rẹ̀ bí ìrì, yóò sì wọ inú wáyà àti fíríwíìlì. Bí a bá gbé e padà síta láàárọ̀, omi yẹn á dì. Méjì ni a lè ṣe: kí kẹ̀kẹ́ máa gbé ìta ní gbogbo ìgbà òtútù, tàbí kó wọlé, kí a fọ iyọ̀ kúrò, kó gbẹ pátápátá kó tó tún jáde. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ni kò dára.

Ibi tí ìdánwò gbọ́dọ̀ dúró sí

Ara kì í ṣe ohun tí a ń dán wò títí yóò fi bàjẹ́. Ìka tó ń dunni ṣì sàn. Ìka tó ti dáwọ́ dídùn dúró, tí awọ rẹ̀ funfun tàbí tó dà bí ìda, ti ń dì. Ní ibi tí òtútù pẹ̀lú afẹ́fẹ́ bá ti dé −28, awọ tí kò ní ìbòrí lè dì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ọgbọ̀n. Bí ìwárìrì bá le, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, tí ọwọ́ kò lè tẹ bọ́tìnnì mọ́, ìdánwò ti parí. Ilé ni ọ̀nà. A kì í fi omi gbígbóná tàbí iná yá ìka tó kú tipiri, nítorí kò ní mọ̀ bí ó bá ń jóná. Kí ẹnì kan nílé sì mọ ọ̀nà tí a gbà àti ìgbà tó yẹ kí a dé.

Bí a ṣe ń ka èsì

Èsì tó ní láárí kì í sọ pé “ìbọ̀wọ́ yìí dára.” Ó ń sọ pé ó tó ní −8°C, ní eré kìlómítà 20, fún wákàtí kan àti ìdúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń tètè tutù. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ: òtútù gbígbẹ Minnesota yàtọ̀ sí 3°C pẹ̀lú òjò ní Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yìnyín gbígbẹ ṣeé gbọ̀n dànù. Òjò títutù ń rin ìbọ̀wọ́ láti òde bí òógùn ti ń rin ín láti inú. Nítorí náà ẹni tó ń gbé oúnjẹ kiri, tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ tó sì tún ń sáré lọ, kó má fi èsì ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Minnesota ra jákẹ́ẹ̀tì. Ìdúró pọ̀ nínú iṣẹ́ tirẹ̀, òjò sì pọ̀. Èyí ni kó fi dán tirẹ̀ wò.

Ẹ ra nǹkan kí òtútù tó dé, ẹ dán an wò nígbà tí òtútù ṣì kéré, kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí èyí tó le. Ohun tí kò bá tíì yege nínú ìdúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá nítòsí ilé, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e níbi tó jìnnà sí ilé.